Aáwọ̀ Àgbẹ̀ àti Erin: Ìwúlò Ọgbà Oyin

Erin ṣì wà nínú igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà. Oko kòkó àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú igbó kan náà. Yorùbá ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àgbẹ̀ tí erin wọ oko rẹ̀ lóru kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ òwe yìí fún un. Erin tí ó ti dàgbà lè jẹ tó 150 kìlógíráàmù oúnjẹ lóòjọ́, èyí tí kò bá sì jẹ, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọdún kan lè bá òru ọjọ́ kan lọ.

Ìbọn ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìbọn kò tán ọ̀ràn náà. Oyún erin tó oṣù 22, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Ní ọdún 2021, àjọ IUCN ka erin inú igbó kìjikìji mọ́ àwọn ẹranko tí ó wà ní bèbè ìparun. Ohun tí ó yẹ ní wíwá ni ọ̀nà tí erin kò fi ní wọ oko rárá.

Ọ̀kan nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà wá. Ní ọdún 2007, Lucy King àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ fi hàn pé bí erin bá gbọ́ ohùn oyin tí inú ń bí, ṣe ni ó máa ń sá. Bí awọ erin ti nípọn tó, oyin a máa ta á ní ẹ̀bá ojú àti nínú ihò imú. Wọ́n wá ń ri òpó yí oko ká, wọ́n ń gbé ilé oyin kọ́ sí i ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n sì ń fi wáyà kan ṣoṣo so gbogbo wọn pọ̀. Pátákó lásán tí ó jọ ilé oyin ni wọ́n ń fi sí àárín méjì, kí owó tí yóò ná àgbẹ̀ lè dínkù. Bí erin bá ti wáyà náà, gbogbo ilé oyin yóò mì, oyin yóò sì tú jáde. Ní Sagalla, lẹ́bàá ọgbà ẹranko Tsavo East, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn erin tí ó sún mọ́ irú oko bẹ́ẹ̀ ni ó yí padà. Àgbẹ̀ sì tún ń rí oyin tà.

Síbẹ̀, ọgbà oyin kì í ṣe àwúre. Nígbà ọ̀dá ọdún 2017, oyin ṣí kúrò nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Sagalla kan náà. Ilé oyin tí ó ṣófo kì í lé erin. Erin ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni ti Kẹ́ńyà, ti igbó kìjikìji ni ti Omo. Ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú erin igbó ní Gàbọ́ọ̀nù fi hàn pé ilé tí oyin inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gidigidi nìkan ni erin ń bẹ̀rù, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sì fi dandan jẹ́ èyí tí oyin rẹ̀ pọ̀ jù lọ láti tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọgbà yìí wọ Omo yóò ní láti kọ́kọ́ dán an wò ní oko díẹ̀, yóò sì kọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìtọ́jú oyin: bí a ti ń lé eèrùn kúrò lára òpó, bí a ti ń tún wáyà tí ó já so, àti bí a ti ń mọ ilé tí oyin ti ṣí kúrò kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó.