Ìtàn Ẹnu àti Ẹ̀rí Abẹ́ Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti Troy àti Ilé-Ifẹ̀ fún Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ìwádìí tí ó wáyé ní Troy, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó wáyé ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ohun tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun èlò àtijọ́ kò lè jẹ́rìí dáadáa àfi bí a bá mọ ibi tí ó wà gan-an nínú ilẹ̀ kí a tó gbé e, àti pé iṣẹ́ olùkọ́ ni láti dáàbò bo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ìfáàrà
Ọ̀rà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dáyọ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òun, Òkè-Ìlá àti Ìlá Ọ̀ràngún jọ wà ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, níbi tí ó ti ń súnmọ́ ilẹ̀ Èkìtì àti ti Kwara. Àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè ní irú agbègbè báyìí lè hú àkúfọ́ ìkòkò jáde kí ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣà á kí ó fi ṣeré. Lójú ẹni tí kò mọ̀, pàǹtí ni. Lójú awalẹ̀pìtàn, ẹlẹ́rìí ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí ó máa ń ya odi bí a bá ti gbé e kúrò ní ààyè rẹ̀. Kí èyí lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo àṣìṣe àwọn méjì tí òkìkí wọn kàn.

Troy: Ìtàn Ẹnu tí Ó Tọ́ni Sọ́nà
Ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, àwọn akéwì ni wọ́n ń fi ẹnu gbé ìtàn ogun Troy láti ìran dé ìran kí ó tó di kíkọ sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ Homer. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ka ìtàn náà sí àlọ́ lásán. Heinrich Schliemann, oníṣòwò ará Jámánì, gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Láàárín 1871 sí 1873, ó wa ilẹ̀ òkè Hisarlik ní Tọ́kì, ó sì bá àwókù ìlú pàdé lóòótọ́. Ìpele ìlú mẹ́sàn-án ni àwọn onímọ̀ kà níbẹ̀, tí a tẹ ọ̀kan dó lórí àwókù èkejì.

Ṣùgbọ́n Schliemann kánjú. Ó la yàrà ńlá kan gba àárín òkè náà kọjá, ó sì ba àwọn ìpele òkè jẹ́ kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó rí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ní 1873, ó kéde pé ìṣúra Priam, ọba Troy inú ìtàn, ni. Ìwádìí ẹ̀yìn wá fi hàn pé wúrà náà fi ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ ṣáájú àkókò tí a rò pé ogun náà wáyé. Ìtàn ẹnu tọ́ka ibi tí ó yẹ kí ó wà fún un. Àìfarabalẹ̀ ka ilẹ̀ ló ṣì í lọ́nà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ilé-Ifẹ̀: Ìjọra Kì í Ṣe Ẹ̀rí
Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, tí òun náà jẹ́ ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, ó rí orí idẹ tí a wá mọ̀ sí Orí Olókun àti àwọn orí tí a fi amọ̀ mọ. Iṣẹ́ ọnà náà dára lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbà pé àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn tí ó bá níbẹ̀ ló ṣe é. Ó yíjú sí ìtàn Atlantis, erékùṣù tí Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìkì, sọ pé ó rì sínú òkun. Frobenius ní àwọn ará Atlantis ló mú ọ̀làjú wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti pé Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ni Ifẹ̀ ń pè ní Olókun. Ojú tí ó jọ ojú lásán ni ó rí tí ó fi dájọ́.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú àṣìṣe yìí fó. Ní 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ mìíràn jáde. Láti 1957, Frank Willett wa ilẹ̀ Ìta Yemòó. Ekpo Eyo àti Peter Garlake náà sì wa àwọn ibòmíràn nínú ìlú náà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ wọn so àwọn ère náà mọ́ ojúbọ, mọ́ ìkòkò ilé, mọ́ ilẹ̀ tí a fi àkúfọ́ tẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín ìlú tí ó gbilẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15. Èyí tí ó wú ni lórí jù ni pé Igbó Olókun yẹn náà ló dá Frobenius lóhùn. Abidemi Babatunde Babalola wa ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000 pẹ̀lú àkúfọ́ ìkòkò tí a fi yọ́ gíláàsì. Àbájáde tí ó tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé èròjà inú gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti òkèèrè, àti pé Ifẹ̀ ni a ti ń ṣe é.

Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Jẹ́rìí
Ìlànà méjì ló ṣe kókó. Èkínní ni ìpele. Bí a kò bá tíì da ilẹ̀ rú, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú ohun tí ó wà lókè. Ìdí nìyí tí awalẹ̀pìtàn fi ń wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń wọn ìjìnlẹ̀, tí ó ń ya àwòrán kí ó tó gbé ohunkóhun.

Èkejì ni ìṣirò ọjọ́ orí. Gbogbo ohun abẹ̀mí ni ó ní kábọ́ọ̀nù-14 lára. Láti ìgbà tí igi bá ti kú ni èyí ti ń dín kù. Láàárín 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Bí a bá wọn ìwọ̀n tí ó kù nínú èédú ààrò àtijọ́, a ó mọ ìgbà tí igi náà kú. Irú èédú bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ẹni tí Thurstan Shaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí egungun rẹ̀ ní 1965 ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti gbé ayé ní ohun tí ó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn. Bí a bá gbé èédú láìmọ ìpele tí ó wà, ọjọ́ orí igi nìkan ni yóò sọ; kò ní lè sọ ọjọ́ orí ìlú.

Ìlá-Yàrà àti Èsìẹ́
Ìtàn ìdílé Ọ̀ràngún sọ pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣí, pé wọ́n sì gbé Ìlá-Yàrà kí ọ̀rọ̀ oyè tó pín wọn sí Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá. Orúkọ ìlú àtijọ́ náà ń tọ́ka sí yàrà, ìyẹn kòtò gígùn tí a gbẹ́ láti fi dí ọ̀tá lọ́nà. Aribidesi Usman ti ṣe ìwádìí ìwalẹ̀pìtàn ní Ìlá-Yàrà àti ní àwọn àwókù mìíràn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó fi ìtàn ẹnu àti ohun tí a wà jáde sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé rẹ̀, The Yoruba Frontier (2012). Ní 2005, òun àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí jáde lórí èròjà amọ̀ inú àkúfọ́ láti ìhà àríwá ilẹ̀ Yorùbá, láti mọ ìkòkò tí a mọ níbẹ̀ àti èyí tí a gbé wá láti ibòmíràn.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Ìtàn ẹnu lè sọ orúkọ ọba àti ìdí ìjà. Ilẹ̀ kò lè sọ ìyẹn. Ilẹ̀ lè sọ bí ìlú ti tóbi tó, ohun tí wọ́n jẹ àti iye ọdún tí wọ́n lò níbẹ̀. Ẹnu kì í sábà rántí ìyẹn.

Ní Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tí ó lé ní 800 wà níbẹ̀. Alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, H. G. Ramshaw, ló sọ nípa wọn fún ìjọba ní 1933; ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn ìlú náà sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí yóò rí i pé kò sọ pé àwọn baba ńlá Èsìẹ́ ló gbẹ́ ère náà. Ó ní wọ́n bá wọn níbẹ̀ ni. Ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún awalẹ̀pìtàn.

Iṣẹ́ Olùkọ́
Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí a bá rán lọ sí Ọ̀rà tàbí Ìlá fún ìdánrawò ìkọ́ni lè ṣe ohun púpọ̀ láìwa ilẹ̀ rárá. Bí ọmọ kan bá mú àkúfọ́ wá sí kíláàsì, kí olùkọ́ béèrè ibi tí ó ti rí i, bí ó ti jìn tó nínú ilẹ̀, àti ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ó rán àwọn ọmọ lọ béèrè orúkọ ahoro tí àwọn àgbà mọ̀ àti oríkì orílẹ̀ tí ó dárúkọ wọn. Òfin tí ó dá Àjọ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ ní 1979 kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti wa ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Àjọ náà ni ó yẹ kí a kàn sí bí ère tàbí yàrà bá yọjú, kí katakata tí ń la ọ̀nà tó kọjá lórí rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀
Frobenius kò rí Ifẹ̀ nínú ohun tí Ifẹ̀ ṣe, nítorí pé kò fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè tún ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà bí ẹ̀rí rẹ̀ bá pòórá kí a tó kà á. Yàrà tí a bá dí pa lónìí, kò sí ìtàn ẹnu tí ó lè gbẹ́ ẹ padà. Olùkọ́ tí ó wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.