Ìrora Ẹ̀yìn Lẹ́nu Iṣẹ́ Agbára: Ohun Tó Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Lè Dín In Kù

Ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kìlò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àpò ìrẹsì. Àpò ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹ̀wà wá láti òkè Ọya sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn máa ń tó 100 kìlò, èyí tó wúwo ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn alábàárù tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú tírélà lọ. Ẹni méjì a gbé e ru ẹnì kẹta, onítọ̀hún a la àárín èrò kọjá dé ìsọ̀, a sọ̀ ọ́, a sì padà wá ru òmíràn. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ìbàdí ń ro ó, tí ọrùn kò ṣeé yí, ohun tó sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ará àti ojúlùmọ̀ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bá a jà, kó yáa wá àgbo mu.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹrù tó gbé láti àárọ̀ ló ń ro ó, àgbo kò sì lè sọ àpò ẹ̀wà di fífúyẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé yìí kò fi ní gba òṣìṣẹ́ níyànjú pé kó kàn fara dà á tàbí kó wá okun kún okun. Iṣẹ́ náà gan-an ni ó yẹ kí a tún ṣe kó lè bá ara èèyàn mu: ìwúwo ẹrù, gíga tábìlì, gígùn èèkù ọkọ́, iye wákàtí tí èèyàn fi ń wà lójú kan.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ alábàárù nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èèyàn mílíọ̀nù 619 ló ní ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn káàkiri ayé, wọ́n sì ń retí pé iye náà yóò tó mílíọ̀nù 843 ní 2050. Kò sí àìsàn mìíràn tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó o. Ọjọ́ orí, sìgá mímu àti ara sísanjù wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbára kó ipa tó pọ̀ níbẹ̀, òun sì ni èèyàn lè tètè yí padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀yìn

Àwọn eegun ẹ̀yìn tò léra wọn láti ọrùn dé ìdí. Láàárín eegun kan sí èkejì ni ohun rírọ̀ kan wà tó ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bíi tìmùtìmù. Ní àwọn ọdún 1960, Alf Nachemson, dókítà eegun ará Sweden, ki abẹ́rẹ́ bọ inú ohun rírọ̀ yìí lára àwọn èèyàn alààyè láti wọn bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe tó. Ó rí i pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà ń pọ̀ sí i bí èèyàn bá jókòó ju ìgbà tó dúró lọ, ó sì ń ga gan-an bí onítọ̀hún bá tẹ̀ síwájú tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwúwo ẹrù nìkan kọ́ ló ń ṣe ọṣẹ́. Bí ẹrù ṣe jìnnà sí ara tó náà wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, NIOSH, ní ìlànà ìṣirò kan lórí gbígbé ẹrù tí wọ́n tún ṣe ní 1991. Bí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, tí ẹrù sún mọ́ ara, tí kò sí lórí ilẹ̀, tí ọwọ́ dì í mú dáadáa, tí èèyàn kò sì yí ìbàdí, 23 kìlò ni òdiwọ̀n wọn. Bí ẹrù kan náà bá fi ìdajì mítà jìnnà síwájú ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé e, òdiwọ̀n náà já sí méjì, ó ku kìlò 11 àbọ̀. Ìyẹn ló fà á tí ẹni tó na ọwọ́ wọ inú búùtù ọkọ̀ láti fa àpò ìrẹsì jáde fi máa ń gbọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dún gbàù, bẹ́ẹ̀ ó ti gbé ohun tó wúwo jù ú lọ rí láìsí wàhálà. Kó kọ́kọ́ wọ́ àpò náà wá sí etí búùtù, kó fà á mọ́ àyà, kó tó gbé e.

Fífi orí ru ẹrù ńkọ́? Àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń ká aṣọ ní òṣùká. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1986 fi hàn pé àwọn obìnrin kan ní Kẹ́ńyà lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn láìlo agbára ju ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Fún obìnrin tó wọn 60 kìlò, ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ 12 kìlò, ìyẹn fi díẹ̀ ju àpò omi píọ̀ wọ́tà kan tó ní ogún ọ̀rá lọ. Àpò sìmẹ́ńtì kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá, ọrùn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Tẹ orúnkún, má tẹ ẹ̀yìn: ṣé ó tó?

Gbogbo ẹni tó bá ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ló ti gbọ́ ọ: tẹ orúnkún, jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ nà. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ẹgbẹ́ Cochrane kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ tí wọ́n sì gbé àbájáde wọn síta ní 2011, wọn kò rí ẹ̀rí pé kíkọ́ òṣìṣẹ́ ní ọgbọ́n ìgbẹ́rù nìkan ń dín ìrora ẹ̀yìn kù. Bẹ́líìtì ìbàdí tí àwọn kan ń so mọ́ra kí wọ́n tó gbẹ́rù náà kò yàtọ̀. Ìwádìí NIOSH tó jáde ní 2000 láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà kò rí i pé ó dín ìrora tàbí ìfarapa kù.

Èyí yẹ kó yí èrò ọ̀gá ilé iṣẹ́ padà. Ọ̀gá tó bá pe àwọn lébìrà jọ, tó fi wákàtí kan kọ́ wọn bí a ṣe ń gbẹ́rù, tó sì tún dá wọn padà sí ìdí àpò 50 kìlò kan náà, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a tún irinṣẹ́ ṣe. Ní Kalifọ́níà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onílẹ̀ fi ń fi ọkọ́ kékeré, tí èèkù rẹ̀ kò gùn ju apá lọ, lé àwọn òṣìṣẹ́ oko lọ́wọ́ láti fi ro àárín ẹ̀fọ́ lẹ́túùsì. Ní títẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. César Chávez, tó wá di aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko, lo ọkọ́ yìí nígbà èwe rẹ̀, ìrora ẹ̀yìn sì bá a fínra títí. Àwọn onílẹ̀ ń sọ pé bí wọ́n bá fún òṣìṣẹ́ ní ọkọ́ eléèkù gígùn, yóò ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, àwọn dókítà jẹ́rìí, wọ́n sì fòfin de ọkọ́ kékeré ní 1975. Wọ́n ṣì ń gbin lẹ́túùsì ní Kalifọ́níà títí dòní.

Ọkọ́ ilẹ̀ wa náà kúrú. Fún ebè kíkọ, kíkúrú rẹ̀ wúlò, nítorí erùpẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ jọ. Ṣùgbọ́n fún oko ríro lásán, kò sí ohun tó ní kí àgbẹ̀ má fi igi gígùn ṣe èèkù, kó lè dúró ṣánṣán. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè ṣe é.

Níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ibi tí wọ́n gbé jókòó sí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Obìnrin jókòó sórí àpótí kúkúrú ní ẹ̀gbẹ́ agbada, ó yí ara sí iná láti rówọ́ rò ó, ó ń gbóná lápá kan, ó ń fa èéfín símú, ìbàdí rẹ̀ sì wà ní yíyí fún wákàtí púpọ̀. Bí a bá fi bíríkì mọ ààrò náà sókè dé ìwọ̀n ìbàdí, tí a ya ẹnu ibi tí igi ń gbà wọlé sí òdìkejì ògiri, tí a sì ṣe ihò èéfín sí i, ó lè dúró tàbí kó jókòó sórí àpótí gíga, kó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, kí iná má jó o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè dáwó mọ irú ààrò bẹ́ẹ̀ kan kí gbogbo wọn máa lò ó.

Télọ̀ kì í gbẹ́rù, síbẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ún. Láti 1700 ni Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì tó kọ ìwé lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ti kọ ọ́ pé àwọn aránṣọ máa ń tẹ̀ kòlòbà, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń kú nítorí ìjókòó pípẹ́. Àga onípákó tí kò ní ẹ̀yìn ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kí télọ̀ gbé ìjókòó sókè pẹ̀lú fóòmù tó le títí ìgunpá rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ojú máṣíìnì, kó fa àga mọ́ tábìlì, kí iná ìmọ́lẹ̀ wà lórí aṣọ kó má baà máa tẹrí wá abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, kó dìde. Ó lè fi iṣẹ́ tó ń béèrè ìdúró, bí aṣọ gígé àti aṣọ lílọ̀, sáàárín iṣẹ́ ìjókòó. Ọmọṣẹ́ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ nílò èyí ju ọ̀gá lọ, torí pé òun ni wọ́n sábà máa ń fún ní àpótí tó burú jù.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Bìrìtéènì ti mọ ètò mìíràn. Òfin tó jáde níbẹ̀ ní 1992 lórí gbígbẹ́rù lọ́wọ́ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ má gbé ohun tó léwu náà rárá. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó yẹ ewu rẹ̀ wò, kó sì dín in kù. Ìtọ́sọ́nà wọn fún ẹrù tó sún mọ́ ara ní ìwọ̀n ìbàdí jẹ́ 25 kìlò fún ọkùnrin, 16 kìlò fún obìnrin. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń tẹ́ aṣọ tó ń yọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rọra sún un. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ, kí nọ́ọ̀sì àti ẹbí aláìsàn gbé bẹ́ẹ̀dì sókè bí ó bá ṣeé gbé, kí wọ́n sì fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì fa aláìsàn ní ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ kó dá a gbé.

Ohun tí ọjà lè ṣe

Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí ìwúwo ẹrù tí òṣìṣẹ́ lè gbé ní 1967. Ìmọ̀ràn tó bá àdéhùn náà rìn sọ pé ẹrù àgbàlagbà ọkùnrin kò gbọdọ̀ ju 55 kìlò lọ. Ti obìnrin gbọ́dọ̀ dín sí i gan-an. Àpò ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ló lágbára jù láti tún èyí ṣe: kí wọ́n bá àwọn tó ń di ẹrù sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa lo àpò kékeré, kí wọ́n mọ pèpéle kan sí ibi ìsọ̀rù tó ga bí ẹ̀yìn tírélà, kí ọmọlanke lè wọ́ ẹrù láti ibẹ̀ lọ, kí wọ́n sì dí kòtò ojú ọ̀nà ọjà kí táyà má baà rì. Ọ̀nà tó tẹ́jú ń gba ẹ̀yìn là ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ.

Ní ti ọmọdé, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. A kò gbọdọ̀ mú ọmọ ru ohun tó wúwo débi tó lè ṣèdíwọ́ fún ìdàgbàsókè ara rẹ̀.

Bí ìrora bá ti dé

Ọ̀pọ̀ ìrora ẹ̀yìn tó dé lójijì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí onítọ̀hún dín ẹrù kù, àmọ́ kó má dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí rírìn díẹ̀díẹ̀ ń jẹ́ kó tètè gbádùn. Oògùn ìrora tí ọlọ́ọ̀gùn ń pò mọ́ra wọn ta fún àwọn òṣìṣẹ́ léwu. Diclofenac àti ibuprofen tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Tramadol máa ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì. Ẹni tó bá lò ó kó lè ru ẹrù sí i kò ní mọ̀ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń bàjẹ́.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì: bí ìdí tàbí àárín itan bá kú tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, bí ìtọ̀ kò bá jáde tàbí tí kò ṣeé dá dúró mọ́, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tí ìrora rẹ̀ bá ibà tàbí rírù láìnídìí rìn, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, náà tètè rí dókítà. Ìrora tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, tí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ní Ìgbóbì ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 pẹ̀lú ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa lójú ogun.

Ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ní agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF ń bójú tó, owó agbanisíṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tó fara pa, kó sì sọ ọjọ́, ibi àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ sílé. Alábàárù tó ń dá ṣiṣẹ́ kò ní ọ̀gá tí yóò sanwó yìí fún un, nítorí náà ni owó ìtọ́jú fi yẹ kó wà nínú àpò ẹgbẹ́ wọn ní ọjà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń ru ẹrù fún sì máa dá sí i.