Ẹ Má Ṣe Dá Oògùn Yín Dúró Nítorí Kòrónà
Ìwé ìlàlóye fún àwọn tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu

Ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́ ní káńtà wa: “Nọ́ọ̀sì, mo ti jáwọ́ nínú oògùn yẹn. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí kòrónà tètè mú èèyàn.” Ìgbà tí oúnjẹ bá há wọn lọ́fun, tàbí tí òòyì bá gbé wọn ṣubú, la tó ń rí wọn.

Ta la kọ ìwé yìí fún?
Ẹni tó jẹ ẹ̀pà, ẹyin, wàrà tàbí edé, tí inú rẹ̀ ń run, tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹni tí àlẹ́jì mú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní eosinophilic esophagitis, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé àlẹ́jì yìí ń jẹ́ kí kòrónà tètè ranni?
Rárá. Ìwádìí HEROS, tí wọ́n ṣe ní ìlú 12 ní Amẹ́ríkà láàárín 2020 sí 2021, wo èèyàn tó lé ní 4,000. Àwọn tó ní àlẹ́jì oúnjẹ kó kòrónà tó ìdajì iye tí àwọn yòókù kó. Èyí ò sọ àlẹ́jì di ààbò o. Ẹ ṣì máa fọwọ́. Ní ti àwọn tí ọ̀nà ọ̀fun wọn wú, àkọsílẹ̀ SECURE-EoE fi hàn pé kòrónà kò le lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Oògùn yín
Ibí yìí ni wàhálà wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Prednisolone: ara fúnra rẹ̀ ń ṣe èròjà tó jọ ọ́. Bí ẹ bá ti ń lò ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ara lè ti dẹwọ́ nínú ṣíṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ara á ṣófo: àárẹ̀, èébì, òòyì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ó lè gbẹ̀mí èèyàn. Òótọ́ ni pé bí ó bá pọ̀, tó sì pẹ́ lára, ó lè dín agbára ara láti bá àrùn jà kù. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín gé e sí méjì. Bí kòrónà bá mú yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó. Ó lè ní kí ẹ fi kún un.

Budesonide tí ẹ ń fi oyin pò gbé mì: ọ̀nà ọ̀fun ló ń tọ́jú, díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa lò ó lọ. Ẹ má jẹ, ẹ má mu fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù.

Bí oògùn bá ń tán lọ, ẹ mú páálí rẹ̀ wá kí ó tó tán, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára
Àlẹ́jì ẹyin tàbí ẹ̀pà kò ní kí ẹ má gbà á. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ abẹ́rẹ́ kòrónà gidigidi rí, tàbí tí ara rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ni kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìgbẹ́ gbuuru
Kòrónà náà ń fà á. Bí ara bá gbóná, tí ikọ́ wà, tí imú kò gbóòórùn mọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Bí oúnjẹ bá há tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ẹ má tò sí káńtà. Ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ tààrà.