Áàpù Tó Ń Sọ Ibi Tí Fóònù Wà: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Mọ̀

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́
Ẹ ó yan ibì kan lórí máàpù, bí ilé ìwé ọmọ yín, ẹ ó sì fi òbìrìkìtì yí i ká. Bí fóònù ọmọ bá ti wọ inú rẹ̀ tàbí tó jáde, áàpù á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ta yín lólobó. GPS, Wi-Fi àti òpó ìbánisọ̀rọ̀ ni fóònù fi ń mọ ibi tó wà.

Ẹ má fi òbìrìkìtì há jù
Ìmọ̀ràn Google fún àwọn tó ń ṣe áàpù Android ni pé kó tó 100 sí 150 mítà, ó kéré tán, láti àárín dé etí. Bó bá há jù, fóònù tó wà lójú kan lè dà bí èyí tó jáde. Àmọ́ bó bá fẹ̀, tí ilé yín sì kọjú sí ilé ìwé, áàpù lè máa sọ pé ọmọ wà nílé ìwé nígbà tó ń jẹ oúnjẹ alẹ́ níwájú yín.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá pẹ́
Kí bátìrì má baà tètè tán, fóònù kì í wo ibi tó wà ní gbogbo ìgbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́; bí dátà bá tán, ó lè má dé. Ẹ pe ọmọ tàbí olùkọ́ rẹ̀ kí ọkàn yín tó dàrú. Ẹ rántí pé fóònù ni áàpù rí, kò rí ọmọ.

Ta ló tún ń rí ibi tí ẹ wà?
Lórí WhatsApp, ẹ lè fi ibi tí ẹ wà hàn fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8. Àwọn áàpù mìíràn kì í dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi pa á. Àwọn iléeṣẹ́ kan tún ń ta irú ìsọfúnni yìí: lọ́dún 2024, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ka títa àkọsílẹ̀ àwọn tó lọ sí ibi ẹlẹgẹ́, bí ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn, léèwọ̀ fún iléeṣẹ́ X-Mode. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àṣẹ tí ẹ fún áàpù padà.

Ohun tí ẹ ó ṣe
• Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń ṣọ́ mọ̀.
• Ẹ máa yẹ orúkọ àwọn tó ń rí yín wò. Ẹ yọ ẹni tí kò yẹ kúrò.
• Áàpù tí kò nílò láti mọ ibi tí ẹ wà, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.
• Bí ẹ bá fura pé ẹni tó lè ṣe yín léṣe ń ṣọ́ yín, ẹ má kánjú yọ áàpù náà, nítorí ẹni náà lè fura. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn wá ìrànlọ́wọ́. Bí ewu bá ti dé, ẹ pe 112.