Ihò Òkété àti Àrùn Tí Ń Ti Inú Erùpẹ̀ Wá

Àgbẹ̀ tí ó ti ṣa olú ọ̀gán rí ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò mọ̀ pé olú náà kì í ṣàdédé hù. Ibi tí ikán bá ń gbé ni í ti í yọ, nítorí àwọn ikán ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé wọn lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tí a ń ṣà sínú agbọ̀n, èso rẹ̀ lásán ni. Ìran olú pọ̀ jọjọ. Èyí tí ń mú kí ẹ̀kọ bu wà nínú wọn, èyí tí ń fa làpálàpá sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Àwọn kan sì wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹranko ti dàpọ̀ mọ́, tí wọ́n sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹranko náà, àti ti ènìyàn pẹ̀lú. Nípa ìwọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọ̀dọ́ ní Ilé-Ogbó àti ní àwọn abà tí ó yí i ká máa ń wa ihò òkété.

Ní ọdún 1942, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Chester Emmons, kọ̀wé lórí àwọn eku aginjù Arizona. Nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn ni ó ti bá irú olú kan náà tí ń fa ikọ́ àti ibà fún àwọn ènìyàn tí ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ náà, ó sì bá a nínú erùpẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ibùgbé olú yìí, kì í ṣe ilẹ̀ tiwa.

Èyí tí ó tún fara jọ ọ̀ràn wa jù ni ti Vietnam. Eku ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń gbé ìdí ọparun, tí ń gbẹ́ ihò bí òkété, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń jẹ. Ní 1956, a rí olú kan nínú ẹ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn tí ó kú. Ní 1959, Dókítà Segretain, tí ń ṣe ìwádìí olú náà, ṣèèṣì fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ ní ìka, àrùn náà sì mú un. Ó rí ìwòsàn. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí àrùn éèdì tàn dé apá ayé náà, olú yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí éèdì ti sọ ara wọn di aláìlágbára. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ pé ẹran eku ni ó fà á. Àwọn oníṣègùn ní àríwá Thailand wádìí rẹ̀, ìwé wọn sì jáde ní 1997. Wọn kò rí i pé jíjẹ ẹran náà ni ó fà á. Iṣẹ́ oko àti fífi ọwọ́ kan ilẹ̀, pàápàá nígbà òjò, ni wọ́n bá lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ kan náà ni ó ń ran eku, tí ó sì ń ran ènìyàn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìwé yìí da ọbẹ̀ òkété nù. Ẹran tí a sè jinná kò lè fi olú yìí ran ẹni tí ó jẹ ẹ́. (Àwọn kan yóò rántí pé Lefitiku ka eku mọ́ ohun àìmọ́, ọ̀ràn ẹ̀rí ọkàn nìyẹn, kì í ṣe èyí tí a ń sọ níhìn-ín.) Erùpẹ̀ ihò ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ní ilẹ̀ wa, olú kan wà tí ń mú egungun, awọ ara àti kókó ọrùn. Ní 1964, Dókítà Cockshott àti Dókítà Lucas kọ̀wé lórí àwọn tí àrùn yìí mú tí wọ́n rí ní Ìbàdàn. Ní 1994, Gugnani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí olú náà nínú ihò àpáta Ogbunike ní ìpínlẹ̀ Anambra, nínú erùpẹ̀ tí ìgbẹ́ àdán ti dàpọ̀ mọ́, àti nínú ìfun àdán pàápàá. Àdán kì í ṣe eku, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: ibi tí ẹranko ti ń yàgbẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ di ọlọ́ràá, olú sì ń jẹ ọ̀rá náà.

Ti làpálàpá yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ara irun ẹranko ni ó ń gbé. Eku lè gbé e kiri láìjẹ́ pé irun rẹ̀ re, ọmọ tí ó bá sì ń fi ọmọ eku ṣeré lè kó o. Èyí tí ó bá ti ara ẹranko wá sábà máa ń wú, kí ó sì ṣọyún, ju èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kó ran ara wọn lọ. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì pa á. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Irúgbìn olú inú ilẹ̀ kúnná ju lẹ́búlẹ́bú lọ, afẹ́fẹ́ sì ni ó ń gbé e. Ẹni tí ń wa ihò nígbà ọyẹ́, tí ó dojú bo ẹnu rẹ̀ láti fẹ́ èéfín wọlé, ń fa ohun tí ó wà níbẹ̀ símú. Kí ó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó fi aṣọ di imú, kí ó má sì jẹ́ kí ọmọdé ki orí bọ ihò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àká àgbàdo àti ilé ẹyẹlé: ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ kí ẹ tó gbá a. Ẹni tí ń pa eku kò gbọdọ̀ ní ojú egbò lọ́wọ́, kí ó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Èyí dára nítorí ibà Lassa pẹ̀lú, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969, tí ó jẹ́ ti eku ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ti olú.

Ohun tí ó burú jù ni pé àrùn olú a máa jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, a sì máa jọ ẹ̀tẹ̀. Bí a bá ti fún ènìyàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mélòó kan, tí kò sàn, tàbí bí kókó bá yọ lára rẹ̀ tí ó sì di egbò, kí ó sọ fún dókítà pé òun ń wa ihò ẹran, tàbí pé òun ń wọ ihò àpáta. Bí aláìsàn kò bá sọ ọ́, dókítà lè má rò ó. Wọ́n lè gé díẹ̀ nínú kókó náà wò. Oògùn tí a ń pè ní itraconazole ń wo ọ̀pọ̀ wọn sàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni a fi ń lò ó, ẹni tí ó bá sì dá a dúró nítorí pé egbò ti jiná lè rí i kí ó tún yọ.