Ọ̀gá Mẹkáníìkì àti Land Rover Àtijọ́ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ń Jò

Nínú gbogbo àwọn tí ẹ̀mí ará ìlú ń bẹ lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé ọba fi wọ́n joyè tàbí pé ìjọba ń san owó oṣù fún wọn, ọ̀gá mẹkáníìkì kì í ṣe ẹni ìkẹyìn. Nítorí ẹni tí ó gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, tí ó sì ń fi ọkọ̀ kan náà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè nírọ̀lẹ́, tòun tìyàwó tọmọ, kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn pé bíréèkì yóò mú ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá náà lọ. Iṣẹ́ Ògún Lákáayé ni iṣẹ́ yìí, àwọn tí ń ṣe é kì í sì í fi orúkọ Ògún ṣeré. Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ipò náà ti wúwo tó, kí a má wo ẹ́ńjìnnì ńlá tí a tú palẹ̀. Kí a wo ohun kékeré kan tí ń dààmú Land Rover àtijọ́, èyíinì ni síìlì ọ́ọ̀bù tí ń jò.

Ní ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam, kò sì pẹ́ tí ó fi di ẹṣin àwọn ajẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá, sọ́jà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bẹ oko wò ní ilẹ̀ wa. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn pàápàá ń to Land Rover pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Series III, tí a ṣe láti 1971 dé 1985, kò tí ì kásẹ̀ nílẹ̀ tán, irin rẹ̀ sì le ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ́ọ̀bù tí a de taya mọ́ ń yí lórí bẹ́ríǹgì méjì. Lẹ́yìn bẹ́ríǹgì ti inú lọ́hùn-ún ni síìlì wà, òrùka rọ́bà tí a fi irin há lẹ́yìn, tí sípíríǹgì tín-ín-rín kan sì fún ètè rẹ̀ mọ́ òrùka irin dídán kan tí kì í yí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí gíríìsì bẹ́ríǹgì àti epo gíà má dé ibi tí bíréèkì wà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: àbàwọ́n dúdú kan ní ẹ̀yìn taya ni a óò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà òórùn epo tó ń jó, títí di ọjọ́ tí awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì tí ọkọ̀ yóò sì yà bàrá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mẹkáníìkì tí kò jinlẹ̀ yóò yọ síìlì, yóò gbá tuntun wọlé, yóò sì gba owó rẹ̀. Ọ̀gá gidi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ó tó gbé jáàkì, ó ti ní kí ọmọ-iṣẹ́ fi òkúta há àwọn taya yòókù, tìwájú tẹ̀yìn, nítorí bíréèkì ọwọ́ Land Rover kì í di taya mú. Ọ̀pá tí ó ti ìdí gíà lọ sẹ́yìn ni ó ń dì mú, bí taya ẹ̀yìn kan bá sì ti gbéra kúrò nílẹ̀, ọkọ̀ lè yí lọ kí ó sì pa ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò yọ bóòtù mẹ́fà, fa ọ̀pá tí ń yí taya jáde, ki sípánà 52 mílímítà bọ nọ́ọ̀tì ńlá, kí ọ́ọ̀bù tó bọ́ sílẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀gá yóò nu òrùka irin náà mọ́ fínnífínní, tí yóò pe ọmọ-iṣẹ́.

“Fi èékánná rẹ wọ́ ọ kọjá.”

“Ó ń kọ́ mi léèékánná, ọ̀gá.”

Ibi tí ó ti kọ́ yẹn ni ọ̀ràn wà. Ètè síìlì ti fi ọdún pípẹ́ gbẹ́ ipa sára irin, síìlì tuntun tí a bá sì fi lé orí ipa yẹn yóò tún jò kí oṣù tó tó mélòó kan. Òrùka pàápàá ni kí a pààrọ̀. Ọ̀gá yóò tún wo ihò tí ààsùlù, ìyẹn irin tí ó so taya ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, fi ń mí, nítorí bí ẹrẹ̀ bá dí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò gbóná, yóò wú, yóò sì ti epo gba ẹ̀yìn síìlì jáde, bí síìlì náà tilẹ̀ dára bí ẹyin. Yóò mi bẹ́ríǹgì bóyá ó ti dẹ̀. Ní ti ìbọ̀ bíréèkì tí epo ti wọ̀ lára, epo bẹntiróòlù kò lè fọ̀ ọ́ mọ́; ooru yóò tún fà á jáde lójú pópó. Ṣe ni kí a sọ ọ́ nù, kí a sì pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀.

Èékánná tí ń dájọ́ irin yìí kò sí nínú ìwé. Òun ni àwọn òbí ń wá nígbà tí wọ́n mú ọmọ wá fún ọ̀gá, tí wọ́n dá iye ọdún tí yóò lò, títí di ọjọ́ tí yóò ṣe fúríìdọ̀ọ̀mù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ-iṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ààsùlù, ọ̀gá ni ó mọ ìtumọ̀ ohun tí ọwọ́ náà bá pàdé.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀ràn yìí ni ìkánjú àwa oníbàárà. Síìlì kò ṣòro rí ní Àràròmí, nítòsí Gate ní Ìbàdàn, tàbí ní Ládìpọ̀ ní Èkó. Òrùka irin ni a ń wá kiri, owó rẹ̀ sì ga, ni oníbàárà bá ní kí ọ̀gá ṣáà ti bá òun fi síìlì sí i kí òun máa lọ. Ọ̀gá tí ó bá kọ̀ yóò pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ náà fún ẹlòmíràn tí yóò gbà. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, tí ó máa ń parí ìjà láàrin ọ̀gá àti oníbàárà, ni ó yẹ kí ó dúró ti ẹni tó kọ̀ náà: kí wọ́n fòfin dè é pé ọkọ̀ tí ọ̀gá kan bá ti kọ̀ nítorí bíréèkì, ọ̀gá mìíràn nínú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gbà á àfi tí ó bá ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán, kí ó sì di dandan pé ọmọ-iṣẹ́ yóò tú ọ́ọ̀bù, yóò tò ó padà lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́, kí wọ́n tó fún un ní ìwé fúríìdọ̀ọ̀mù.