Ojú Àlejò ní Òṣogbo

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní Òṣogbo, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa láti ọdún 1991, àwa onílé gan-an ni òwe náà ń bá wí. Arìnrìn-àjò òkè òkun a gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, a wo ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, a sì wo igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àwa tí a ń ti Iléṣà lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba kì í yà wò ó. Ẹ̀rù ìbọ̀rìṣà ń bà wá. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù rìn yí Áténì ká, ó wo ohun tí wọ́n ń sìn fínnífínní, kò sì sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ olú-ìlú wọn, kí àlejò má baà máa sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.